Tí Kọ̀ǹpútà Yín Bá Ń Ké "Activate Windows", Ẹ Kọ́kọ́ Wo Inú Rẹ̀ Ná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀, ẹ ná an títí, ẹ gbé e délé, ó ń sáré dáadáa, oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù márùn-ún, kò sí wàhálà kankan, àfi lọ́jọ́ kan ṣá tí ìkọ̀wé fírífírí kan yọ ní igun ìsàlẹ̀ síkírínì lápá ọ̀tún: "Activate Windows. Go to Settings to activate Windows." Kò sì ní lọ mọ́. Ẹ ṣí Word, ó wà níbẹ̀. Ẹ ń wo fíìmù, ó wà lórí ojú òṣèré. Ẹ fẹ́ yí fọ́tò ẹ̀yìn síkírínì padà, ó kọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó pe ẹnjiníà, ẹnjiníà á gba owó díẹ̀, á ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti tán. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n ó sì sọ ohun tójú mi rí fún yín tó bá yá. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù: nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ń ké yìí, láísẹ́ǹsì tó ń wá, ìyẹn àṣẹ láti lo Windows, wà nínú ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti sanwó rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti tò ó pọ̀, kò kàn sẹ́ni tó wò ó ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Windows ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àǹtí mi kan ní Ìbàdàn pè mí lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù ti bà wọ́n, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà mi ní láísẹ́ǹsì mi ti kú, ó ní kí n pe nọ́ńbà kan kíákíá, ó ní n ò gbọdọ̀ pa á o." Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe nọ́ńbà kankan." Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni, inú Chrome ló wà, ó ń pariwo bíi sáírìn. Ìkìlọ̀ tòótọ́ látọ̀dọ̀ Microsoft kì í gbé nọ́ńbà fóònù dání láéláé. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà, gbájúẹ̀ ni. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí, ẹ mú Chrome tàbí Edge níbẹ̀, ẹ tẹ "End task". Tẹ́ ẹ bá tún un ṣí tó bá bi yín bóyá kó dá àwọn ojú ewé tẹ́lẹ̀ padà, ẹ má gbà fún un. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ti pè wọ́n, tí wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà yín láti òkèèrè, ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹ fi fóònù yí pásíwọ́ọ̀dù ìmeèlì yín padà, kẹ́ ẹ sì pe báńkì yín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé Windows ló ń ké lóòótọ́. Ẹ lọ sí Settings. Lórí Windows 11, ẹ wọ System, ẹ wá wọ Activation. Lórí Windows 10, ẹ wọ Update & Security, lẹ́yìn náà Activation. Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ dáadáa, pàápàá kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ ni pé kóòdù yẹn ló ń sọ irú àìsàn tó ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kì í sì í wò ó rárá, ibi kan náà ni wọ́n máa ń fabẹ́ sí fún gbogbo àìsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ bọ́tìnì Start, ẹ yan Terminal (Admin), ìyẹn ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tàbí Windows PowerShell (Admin) tó bá jẹ́ Windows 10. Ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ wá tẹ Enter:

slmgr /xpr

Àpótí kékeré kan á yọ. Tó bá ní "permanently activated", kò sí ìṣòro. Tó bá dárúkọ ọjọ́ kan tí láísẹ́ǹsì máa parí, a ti ń súnmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ tún tẹ:

slmgr /dli

Níbi Description, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ṣáájú "channel". Tó bá jẹ́ OEM_DM, kíì (ìyẹn kóòdù tó ń ṣí Windows) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù fi sínú rẹ̀ ló ń lò. RETAIL, ẹnì kan ló rà á lọ́tọ̀, tàbí kó jẹ́ láísẹ́ǹsì tó wà ní sáfà Microsoft, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá wọn tí àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ń bá sọ̀rọ̀. VOLUME_MAK, kíì tí ilé iṣẹ́ kan rà fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. VOLUME_KMSCLIENT, ẹ dúró níbí, torí èyí ni mo rò pé ó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú jù.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kì í tẹ kíì sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń ní sáfà kan nínú ọ́fíìsì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lọ kí, bí ọmọ ṣe ń kí bàbá láàárọ̀. Gbogbo ọjọ́ 7 ni kọ̀ǹpútà máa ń gbìyànjú láti kí i, tó bá ti kí i, ó ti gba ọjọ́ 180 tuntun. Ó wá di ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ yẹn, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ta gbogbo láptọ́ọ̀pù wọn, HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad, gbogbo àwọn tá a mọ̀ yìí, wọ́n kó o sínú kọ̀ńténà, ó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó dé Computer Village n'Íkẹjà, ó dọ́wọ́ yín. Kò rí bàbá kí mọ́. Ó ń ka ọjọ́, ó ń ka ọjọ́, nígbà tí 180 pé, ó figbe ta. Ẹ ṣírò rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní gbogbo àsìkò tí ẹni tó tà á fún yín ṣì ń ní ẹ mú un padà wá tí nǹkan bá ṣe é. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kóòdù 0xC004F074 tàbí 0x8007232B jáde, ìtumọ̀ méjèèjì kò ju pé ó wá sáfà ọ́fíìsì lọ, kò rí i.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Láti ìgbà Windows 8 lọ́dún 2012 ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń kọ kíì Windows sínú BIOS, ìyẹn inú motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, gan-an. Ṣáájú ìgbà yẹn, ara ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ láptọ́ọ̀pù ló máa ń wà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, ọ̀nà márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ márùn-ún, òógùn ọwọ́ á pa á rẹ́ tàbí kó ṣí dànù. Ní báyìí kò lè ṣí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn ń lo sáfà tiwọn, kíì tó wà nínú BIOS kò kúrò níbẹ̀, ó kàn jókòó ni. Láti wò ó, inú Terminal yẹn náà, ẹ tẹ:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Tó bá yọ lẹ́tà 25 jáde, ẹ dúpẹ́, ẹ sì dà á kọ sórí ìwé. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúùpù WhatsApp láti béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó bá rí i lè lò ó. Ẹlòmíì á ti sọ fún yín pé wmic, àṣẹ àtijọ́ kan, ni kẹ́ ẹ lò, ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ Windows 11 láti ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 24H2 kì í gbé e wá mọ́, ẹ lo tòkè yìí. Ẹ wá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ fi Description sí ìparí:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKeyDescription

Èyí á sọ irú Windows tí kíì yẹn wà fún. Tẹ́ ẹ bá rí Professional, Pro ni. Tẹ́ ẹ bá rí Core, Home nìyẹn, orúkọ tí Microsoft ń pè é nínú ilé nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú. Ẹ wá lọ wo Settings, System, About, kẹ́ ẹ rí irú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí méjèèjì bá dọ́gba, wàhálà sábà máa ń parí síbẹ̀, ẹ padà sí Activation, ẹ tẹ "Change product key", ẹ tẹ kíì yín síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà, dátà tó máa jẹ kò tó nǹkan. Ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Tí wọn ò bá dọ́gba ńkọ́? Èyí pọ̀ gan-an. Láptọ́ọ̀pù bá Home wá láti ilé iṣẹ́, ẹni tó tà á fẹ́ kó níyì, ó fi Pro sí i. Kò sí bí kíì Home ṣe lè ṣí Pro, kóòdù bíi 0xC004F034 á yọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ ẹ tún Windows fi sí i, Home ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín, fọ́tò, ìwé iṣẹ́, gbogbo ẹ̀, sórí ibòmíì, mo ní gbogbo ẹ̀ o, torí yóò pa á rẹ́. Ẹ wá fláàṣì tó tó gígábáìtì 8, ẹ lọ sí ojú ewé Microsoft fúnra wọn, ẹ gba Media Creation Tool, òun ló máa bá yín kó Windows sórí fláàṣì. Ohun tó máa gbà wọlé ju gígábáìtì 5 lọ, torí náà ẹ dúró de dátà òru, tàbí kẹ́ ẹ lọ síbi tí WiFi wà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í sí i, òun fúnra rẹ̀ á ka kíì tó wà nínú BIOS, kò tiẹ̀ ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyí tí mo sọ lókè yìí gan-an, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Tí láptọ́ọ̀pù bá ti pẹ́ láì ní iná, tàbí tí bátìrì kékeré rọ́bọ́tọ́ tó wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 ni wọ́n ń pè é, bá ti kú, déètì á padà sẹ́yìn ọdún púpọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì ní gbà fún un láti bá sáfà Microsoft sọ̀rọ̀ tórí déètì ò bára mu. Kóòdù 0x80072F8F nìyẹn. Tòkúnbọ̀ míì, aago Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí Date & time nínú Settings, ẹ yan West Central Africa tó bá jẹ́ Nàìjíríà tàbí Benin lẹ wà, ẹ tan "Set time automatically", ẹ tẹ "Sync now". Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á ni déètì ń sá padà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì rọ́bọ́tọ́ yẹn, kò wọ́n.

Àwọn kóòdù tó kù, n ó kàn sáré mẹ́nu bà wọ́n. 0xC004C003, Microsoft ti dí kíì yẹn pa. 0xC004C008, kíì yẹn ti wà lórí kọ̀ǹpútà míì. 0xC004F213, kò rí kíì kankan lórí ẹ̀rọ náà. 0xC004F211, wọ́n pààrọ̀ nǹkan ńlá nínú rẹ̀, motherboard ló sábà máa ń jẹ́, torí ara motherboard ni Windows 10 àti 11 fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀. RAM tẹ́ ẹ fi kún un tàbí SSD tẹ́ ẹ pààrọ̀, ìyẹn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Tí láísẹ́ǹsì yín bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fowó rà, tẹ́ ẹ sì ti so ó mọ́ àkáúǹtì Microsoft yín ṣáájú, ẹ tẹ Troubleshoot níbi Activation, ẹ yan "I changed hardware on this device recently", ẹ fi àkáúǹtì yẹn wọlé. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀, bọ́ọ̀dù yẹn ló ni ín, tí bọ́ọ̀dù bá kú, ó kú tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n so tiwọn mọ́ àkáúǹtì lónìí, nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ fláàṣì ẹnjiníà wá kù. Nígbà tí tèmi figbe ta, mo gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nítòsí ilé wa. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa Windows Defender, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ Windows lọ́wọ́ fáìlì burúkú. Mo bi í, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á?" Ó ní kò ní jẹ́ kí nǹkan òun wọlé ni. Ìkọ̀wé yẹn lọ, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan wọ inú ìmeèlì mi, ó ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn sì fi owó ránṣẹ́. Ìtìjú yẹn ò tíì tán lára mi. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fáìlì yẹn ló fà á, àmọ́ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi pamọ́ sínú Chrome ló di ohun àwárí lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní oṣù December ọdún 2021, àwọn olùṣọ́ààbò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń jẹ́ Red Canary gbé e jáde pé àwọn kan ń pín ayédèrú KMSPico, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dọ́gbọ́n sí Windows, Cryptbot ni wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa jí pásíwọ́ọ̀dù inú bíráwúsà àti owó kírípítò. KMSPico fúnra rẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń díbọ́n bíi sáfà ọ́fíìsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń tan kọ̀ǹpútà yín pé bàbá rẹ̀ ti dé. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ pa ajá ilé kóun tó wọlé, ẹ mọ̀ pé àlejò yẹn kì í ṣe àlejò ire.

Mo pa gbogbo Windows yẹn rẹ́, mo tún un fi sí i láti orí fláàṣì mímọ́, mo fi fóònù yí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù mi padà, ti ìmeèlì ló ṣáájú. Ìgbà tí Windows tuntun parí, mo wo Activation, ó ti gbà. Kíì Pro wà nínú BIOS látọjọ́ tí mo ti rà á.

Tí BIOS bá ṣófo ńkọ́? Tí ẹ̀rọ bá ti gbó dé ìgbà Windows 7, kíì ara ìwé yẹn ò lè gba Windows 10 tàbí 11 tuntun mọ́, Microsoft ti ilẹ̀kùn yẹn ní oṣù September ọdún 2023. Ẹ lè ra tuntun, Windows 11 Home ń lọ fún 139 dọ́là lórí ojú ewé Microsoft ní Amẹ́ríkà, Pro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni fún wa. Àwọn tó ń ta "lifetime key" ní owó pọ́ọ́kú, kíì ilé iṣẹ́ kan tó jò síta ló sábà máa ń jẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n dí i pa lọ́la, owó yín wọgbó. Bí owó ò bá tíì sí, ó tẹ́ mi lọ́rùn kẹ́ ẹ fi ìkọ̀wé yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ títí ẹ ó fi tọ́jú owó ju kẹ́ ẹ fi crack, irú irinṣẹ́ ìdọ́gbọ́n yẹn, sí i lọ. Fọ́tò ẹ̀yìn síkírínì àti àwọ̀ ni ẹ ò ní lè yí padà, àmọ́ update ààbò ṣì máa ń wọlé lórí Windows 11. Tí iṣẹ́ yín ò bá sì ju ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ wo Linux Mint, ọ̀fẹ́ ni, kò ní láísẹ́ǹsì tó ń ké, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan Windows yín.

Office lọ́tọ̀, Windows lọ́tọ̀ o, torí mo ń rí àwọn tó ń pa méjèèjì pọ̀. Tí Word bá ní "Unlicensed Product" tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ nǹkan mọ́, kíì Windows ò lè wò ó sàn. Word tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni tẹ́ ẹ bá ti ní àkáúǹtì Microsoft, LibreOffice náà sì wà tí kì í béèrè kọ́bọ̀, ó ń ṣí fáìlì Word.

Ní báyìí, tí mo bá bá ẹnikẹ́ni lọ ra tòkúnbọ̀, mo máa ń tan hotspot fóònù mi níwájú ẹni tó ń tà á. Mo máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tẹ nǹkan méjì," mo ṣe slmgr /dli, mo wo kíì inú BIOS. Lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n reset rẹ̀ lójú mi, kí wọ́n sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá kí wa káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ kan, tó ń béèrè ìmeèlì ọ́fíìsì wọn, ilé iṣẹ́ yẹn ò tíì yọ orúkọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú ìwé wọn, ọjọ́kọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún un ṣe ló máa padà béèrè. Mo máa ń dá irú ẹ̀ padà, mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n gbé òmíì wá.